Ẹ Má Fi Ọsàn Wẹ́wẹ́ Fọ Owó Tí Ẹ Ṣì Ń Jà Lé Lórí

Ẹjọ́ tí àwọn tó ń pààrọ̀ owó àtijọ́ ń gbé wá bá mi ti jọ ara wọn jù. Ẹnì kan fi ṣílè rán awakọ̀ láti Ìwó Road, èkejì fi kọ́bọ̀ oníhò, ìyẹn pẹ́nì ayé Gẹ̀ẹ́sì, ránṣẹ́ láti Ọjọ́ta, ẹrù dé, ariwo sọ: "Èyí kọ́ ni mo rí nínú fọ́tò!" Kí n tó gbọ́ ẹnu ẹnikẹ́ni, ohun kan ṣoṣo ni mo máa ń bèèrè: ṣé ẹ ti fọ̀ ọ́? Bí wọ́n bá ti dákẹ́, mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí.

Owó ọdún 1936 ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ọba George Karùn-ún kú ní oṣù kìíní ọdún yẹn, Edward Kẹjọ jọba, ó sì gbé adé sílẹ̀ ní oṣù kejìlá. Kọ́bọ̀, ẹ̀pìnnì (ìdajì kọ́bọ̀) àti onínì (ìdá kan nínú mẹ́wàá kọ́bọ̀) tí Gẹ̀ẹ́sì ń rọ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò ní àwòrán orí ọba. Orúkọ ni wọ́n kọ yí ihò ká, ìyẹn ni ti Edward fi ráyè jáde. Nítorí náà, ẹni tó kọ "kọ́bọ̀ 1936" ránṣẹ́ kò tíì sọ nǹkan kan. Ọba wo? Ṣé H ló wà lára rẹ̀, tí í ṣe àmì ilé-iṣẹ́ Heaton ní Birmingham, tàbí KN ti King's Norton, tàbí kò sí lẹ́tà kankan? Ti Edward kò sì ṣọ̀wọ́n bí ẹ ṣe rò o, rẹpẹtẹ ni wọ́n rọ ọ́.

Bákan náà ni ṣílè. Ti 1913, fàdákà ni. Ti 1936, idẹ ni. Bí òòfà bá fà á, kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Bí ẹ bá ṣèèṣì fi KN ránṣẹ́ sí ẹni tó ń retí H, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, kí ẹ san owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀. Ìyẹn kò gba àlàyé.

Fífọ̀ ló gba àlàyé. Owó tó ti pẹ́ ní awọ, irin náà fúnra rẹ̀ ló sì hù ú láti ọdún dé ọdún. Ọsàn wẹ́wẹ́ ń jẹ awọ yẹn, eérú ń họ ọ́. Kọ́bọ̀ bàbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ní 1952 ló ń fi í hàn kíákíá: ẹ ó rí i tó pupa bí ara tí omi gbóná bó. Èyí tó ṣáájú wọn, tí wọ́n fi bàbà àti nickel rọ, a máa funfun, láìní ẹ̀mí kankan. Mo máa ń gbé e sábẹ́ díńgí tó ń mú nǹkan tóbi, kí n yí i díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ iná. Àwọn ìlà tín-ín-rín á yọ, gbogbo wọn á kọjú sí ọ̀nà kan náà, níbi tí kànrìnkàn gbà kọjá. Ojú mi kì í tàsé wọn. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni. Ẹni tó bá ti fọ owó kò lè ní kí wọ́n gbà á padà mọ́, nítorí ohun tí wọ́n fún un kọ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kódà, ẹ má fi í sínú ọ̀rá rọ́bà tó ń rùn yẹn. Omi aláwọ̀ ewé tó ń yọ lára rẹ̀ ń jẹ owó.

Àwọn tó ń bí mi nínú jù ni àwọn tó ń sọ pé ìràwọ̀ onígun mẹ́fà ara kọ́bọ̀ jẹ́ àmì awo, pé ó ń fa owó. Irọ́ gbuu! Ìràwọ̀ yẹn ti wà lára kọ́bọ̀ láti 1907, ó wà lára ti Nàìjíríà tọdún 1959. Àwọn ìyá wa fi ra iyọ̀, wọ́n fi ra ẹ̀kọ, kò sọ ẹnikẹ́ni dọlọ́rọ̀.

Ọmọkùnrin kan gba kọ́bọ̀ Edward lọ́wọ́ bàbá olùkọ́ fẹ̀yìntì kan, ó sì fi ẹyọ márààrún tí a kọ́kọ́ ná nígbà tí náírà dé ní 1973 pààrọ̀ rẹ̀, láti ààbọ̀ kọ́bọ̀ dé kọ́bọ̀ márùndínlọ́gbọ̀n. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, ọkùnrin kan tó ń pe ara rẹ̀ ní oníṣègùn ní òun yóò "ṣí agbára rẹ̀." Ó gbowó gọbọi, ó sì rì í sínú ásíìdì. Ìgbà tí wọ́n yọ ọ́, orúkọ ọba ti lọ. Ọmọ yìí wá gbé bàbá wá síwájú mi pé owó tí kò ní orúkọ ni wọ́n fi lu òun ní jìbìtì.

Bàbá mú fọ́tò jáde, iwájú àti ẹ̀yìn, tó ti fi ránṣẹ́ kí wọ́n tó ṣàdéhùn. EDWARDVS VIII hàn kedere, KN hàn, ẹ̀gbẹ́ ihò sì ní ojú ọgbẹ́ kékeré kan. Mo gbé ìyókù kọ́bọ̀ náà sábẹ́ díńgí. Ojú ọgbẹ́ ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀, ní apá kan náà.

Ọmọ náà bi mí bóyá mo lè dá orúkọ ọba padà sára rẹ̀. Mo ní kò sí alágbẹ̀dẹ tó lè ṣe é. Mo ní kí bàbá máa kó ẹyọ márààrún rẹ̀ lọ. Oníṣègùn náà kò dá kọ́bọ̀ kan padà.