Pròtéìnì Wọ Sẹ́ẹ̀lì Ọpọlọ: Ṣé Ìrántí Ló Wọlé Ni?

Ó tún ti dé o. Bí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ bá ti fi pròtéìnì kan sínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ eku báyìí, ariwo á sọ pé wọ́n ti rí ìrántí mú, ó ku kí wọ́n máa fi abẹ́rẹ́ gún un fún wa. Pé pròtéìnì ń ṣiṣẹ́ nínú ìrántí, ta ló ń jiyàn? Láti 1973 tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì, Bliss àti Lømo, ti fi ọpọlọ ehoro hàn wá pé ibi tí sẹ́ẹ̀lì méjì ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lè lágbára sí i fún ọ̀pọ̀ wákàtí, èyí tí ọ̀pọ̀ gbà pé ó wà lára bí ìrántí ṣe ń dúró, iṣẹ́ ti pọ̀ lórí ẹ̀.

Ìwọlé yẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Awọ sẹ́ẹ̀lì kì í jẹ́ kí pròtéìnì kọjá. Àwọn kan ń lo ọ̀pá dígí tín-ín-rín, wọ́n á tú u sínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, ìyẹn dájú. Àwọn mìíràn ń so ó mọ́ TAT, ègé kékeré kan láti ara kòkòrò HIV tó máa ń wọ́ ẹrù wọ sẹ́ẹ̀lì, wọ́n á fi àwọ̀ tó ń tàn sí i. Sẹ́ẹ̀lì tàn, ó parí. Parí kẹ̀? Sẹ́ẹ̀lì máa ń fi àpò kékeré gbé ohun tó bá kàn án mì. Pròtéìnì inú àpò yẹn dà bí àlejò tí wọ́n tì mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀: ó wọlé lóòótọ́, kò rí onílé bá sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ á sì dà níbẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé ní 2003, àwọn olùwádìí fi hàn pé kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa sẹ́ẹ̀lì kí wọ́n tó wò ó lè fọ́n TAT ká inú rẹ̀ dé ibi tí kò dé nígbà tí sẹ́ẹ̀lì wà láàyè. Nítorí náà, bí wọ́n bá fi àwòrán tó ń tàn hàn yín, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá sẹ́ẹ̀lì náà wà láàyè nígbà tí wọ́n yà á.

Ká tiẹ̀ gbà pé ó wọlé. Ní 2006, wọ́n fi ègé pròtéìnì kan tó ń jẹ́ ZIP sínú hippocampus eku, apá ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́ ìrántí, eku gbàgbé ibi tó ti kọ́ láti máa sá fún. Wọ́n ní PKMzeta, pròtéìnì tí wọ́n rò pé ó ń pa ìrántí mọ́, ni ZIP dí lọ́wọ́. Ní 2013, wọ́n bí eku tí kò ní PKMzeta rárá: ó kọ́ nǹkan, ó rántí, ZIP sì tún ṣiṣẹ́ lára rẹ̀! Àwọn kan fèsì pé ìbátan PKMzeta ló gba iṣẹ́ náà ṣe. Ó ṣeé ṣe.

Mi ò sọ pé kò sóhun tó jọ pròtéìnì ìrántí. Bóyá púpọ̀ ló jọ ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ń ta pròtéìnì oníhóró fún yín bí oògùn pé kẹ́ ẹ má baà máa gbàgbé, ikùn yín á ti lọ pròtéìnì náà kó tó dé inú ẹ̀jẹ̀, ká má tíì sọ ti ọpọlọ.