Òórùn Ewé Kì í Ṣe Òṣùwọ̀n Agbára Rẹ̀

Gbo ewé igbó olóòórùn lọ́wọ́, kí o gbé e sí imú. Bó bá ta sánsán débi pé omi fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú rẹ, ẹni tó dúró tì ọ́ á ní, "Èyí lágbára!" Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, bí òórùn ewé bá ṣe le tó ni antioxidant inú rẹ̀, ìyẹn èròjà tó ń dènà ìbàjẹ́ nínú ara àti oúnjẹ, ṣe pọ̀ tó.

Imú ló tàn wọ́n. Kìkì èròjà tó fúyẹ́, tó ń fò sínú afẹ́fẹ́, ni imú ń gbọ́. Nínú gíráàmù 100 táìmù (thyme, ewé olóòórùn tí wọ́n fi ń se oúnjẹ) gbígbẹ, òróró olóòórùn náà kì í sábà ju gíráàmù 1 sí 2.5 lọ. Iṣẹ́ antioxidant yàtọ̀ sí títa sánsán: ó ń fún àwọn èròjà tí electron wọn kò pé ní hydrogen, kí wọ́n má baà já ti ẹlòmíràn gbà.

Ẹ wo ewé mint, irú tí wọ́n ń pè ní peppermint. Menthol ló ń fún un ní òórùn, ó sì ń mú ẹnu tutù. Àmọ́ tí a bá da menthol sínú DPPH, ìyẹn aró aláwọ̀ àlùkò tó máa ń di ìyeyè bí antioxidant bá kàn án, bóyá ni àwọ̀ náà á yí. Rosmarinic acid ló ń ṣiṣẹ́ gidi nínú ewé yẹn. Kì í fò, imú kò sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Inú rosemary, ewé olóòórùn mìíràn, ni àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ará Ítálì méjì ti kọ́kọ́ yọ ọ́ lọ́dún 1958, ibẹ̀ náà ló ti gba orúkọ.

Àwọn tó ń ṣe oúnjẹ inú agolo àti ọ̀rá mọ àṣírí yìí dáadáa. Wọ́n máa ń yọ òórùn kúrò lára èròjà tí wọ́n fà jáde nínú rosemary kí wọ́n tó fi dènà kíkan ọ̀rá inú oúnjẹ, carnosic acid, antioxidant inú rẹ̀, á sì máa ṣiṣẹ́ lọ. E392 ni orúkọ tí wọ́n ń kọ fún un sára páálí oúnjẹ ní Yúróòpù.

Ká má parọ́ mọ́ imú o: nígbà mìíràn ó máa ń bọ́ sí i. Thymol àti carvacrol, èròjà olóòórùn inú táìmù, ń ta sánsán, wọ́n sì tún ń ṣiṣẹ́ antioxidant. Ṣùgbọ́n táìmù igbó ti gúúsù Faransé pín sí oríṣi mẹ́fà, méjì péré ló kún fún àwọn wọ̀nyí. Òmíràn linalool ló pọ̀ nínú rẹ̀, òmíràn geraniol, àwọn èròjà tí òórùn wọn dùn bíi ti òdòdó. Efinrin náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: thymol ló gba inú òmíràn, eugenol, èròjà olóòórùn mìíràn, ló gba inú òmíràn.

Ohun ìjà ewé ni ọ̀pọ̀ òórùn yìí, kòkòrò àti ẹran tó ń jẹko ló fi ń lé. Pennyroyal jẹ́ ìbátan mint, òórùn rẹ̀ sì le gan-an. Pulegone, èròjà olóòórùn inú òróró rẹ̀, máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì ti pa èèyàn tó gbé e mu.