20 Pọ́ńbélé Pẹ̀lú Idà Olóògùn: Kí Ló Yẹ Ká Ṣírò Lẹ́ẹ̀mejì?

Láti ìgbà tí àtúnṣe ìwé òfin Dungeons & Dragons, eré orí tábìlì tí àwọn eléré ti ń fi dáìsì darí ìrìn àjò àti ogun àwọn akọni wọn, ti jáde ní 2024 ni àríyànjiyàn ti ń bá àwọn eléré jókòó sídìí tábìlì: bí ẹni tó mú ohun ìjà olóògùn dání bá ju 20, kí ló ń di ìlọ́po méjì, kí ni kì í dì í? Àbá kan láti 2022 tí àwọn èèyàn ṣì ń pín kiri bí òfin tún dá kún ìdàrúdàpọ̀ náà. Ẹ jẹ́ ká yanjú rẹ̀.

Kí ni critical hit, tí a ń pè ní crit, gan-an?

Bí dáìsì olójú ogún tí o fi kọlu ọ̀tá bá fi 20 hàn, láìtíì fi ohunkóhun kún un, o ti bá a nìyẹn, bó ti wù kí ààbò rẹ̀ nípọn tó. Gbogbo dáìsì ọṣẹ́, ìyẹn dáìsì tó ń sọ bí ìpalára ti pọ̀ tó, tó wà nínú ìkọlù náà ni wàá jù lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣé +1 tí oògùn ara idà mi ń fi kún ọṣẹ́ á wá di +2?

Rárá. Dáìsì nìkan ló ń di ìlọ́po méjì.

Iná ara idà ńkọ́?

Iná náà wà nínú rẹ̀, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ti ń fi ọṣẹ́ tó tọ́ sí wọn sílẹ̀. Ká ní idà ńlá ọlọ́wọ́ méjì tó jẹ́ Flame Tongue, idà olóògùn tó ń jó bí iná, ló wà lọ́wọ́ rẹ, agbára apá rẹ sì jẹ́ +4. Nínú ìkọlù lásán, dáìsì olójú mẹ́fà méjì ni ti irin, méjì ni ti iná, wàá wá fi 4 kún un. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 18. Tí 20 bá bọ́, irin á di dáìsì mẹ́rin, iná á di mẹ́rin, ṣùgbọ́n 4 tó wá láti apá rẹ kò kúrò ní 4. Ìpíndọ́gba á di 32. Ẹni tó bá kàn sọ 18 di 36 ti gba 4 tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tó bá fi iná sílẹ̀ ti pàdánù 7.

Àbá 2022 yẹn ńkọ́?

Ó ti kú. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, àwọn tó ni eré yìí gbé àbá jáde fún ìdánwò pé dáìsì ohun ìjà tàbí ti ẹ̀ṣẹ́ lásán nìkan ni kó máa di ìlọ́po méjì, àti pé àwọn akọni nìkan ni kó máa ṣe crit, kì í ṣe ọ̀tá. Wọn ò mú un wọ ìwé 2024.

Kí ló dé tí Vicious Weapon, ohun ìjà olóògùn tèmi, kò bá ti ẹnìkejì mi mu?

Ìwé yín yàtọ̀ síra. Nínú ti 2014, ó ń fi 7 kún ọṣẹ́ nígbà tí o bá ju 20 nìkan. Nínú ti 2024, dáìsì olójú mẹ́fà méjì ló ń fi kún un nígbàkígbà tó bá ti ba ọ̀tá. Bó sì ti di dáìsì yìí, crit á sọ ọ́ di mẹ́rin.

Jagunjagun mi ní agbára tó jẹ́ kó máa ṣe crit ní 19 náà. Ṣé Vorpal Sword, idà olóògùn tó ń bẹ́ orí, á bẹ́ orí ọ̀tá nígbà náà?

Kò ní bẹ́ ẹ. Ohun tí wọ́n kọ sára idà yẹn ni pé kí o ju 20. Wọn ò kọ ọ́ pé kí o ṣe crit. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì, mo sì fẹ́ kí gbogbo eléré fi èyí sọ́kàn. Crit lè ṣẹlẹ̀ láìsí 20: tí ara ọ̀tá bá rọ pátápátá, tí o sì dúró tì í, crit ni gbogbo ìkọlù tó bá bà á. Dáìsì á di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n agbára tó ń dúró de 20 kò ní jí.

Ṣé Wand of Fireballs, ọ̀pá olóògùn tó ń ju iná, lè ṣe crit?

Kò lè ṣe é. Ọ̀tá ló ń ju dáìsì láti yẹra fún un, kì í ṣe ìwọ lò ń jù ú láti bà á.

Ọ̀rẹ́ mi ní iná ara idà kì í di ìlọ́po. Ṣé irọ́ ló ń pa?

Eré mìíràn ló mọ̀. Nínú àtúnṣe 3.5 ti Dungeons & Dragons ní 2003, crit máa ń sọ àlékún agbára apá di púpọ̀, ṣùgbọ́n dáìsì iná tí oògùn fi sára idà kì í kúrò lójú kan. Òdìkejì òfin òní gan-an ni. Nínú Pathfinder ẹlẹ́ẹ̀kejì ti 2019, eré mìíràn tó jọ ọ́, gbogbo ọṣẹ́ pátá ló ń di ìlọ́po méjì, tòun ti àlékún; o sì lè ṣe crit láìju 20 tí àròpọ̀ rẹ bá fi 10 ju ààbò ọ̀tá lọ.

Mo wọ ìhámọ́ra adamantine, irin tó le gan-an. Ṣé ẹ̀rù ṣì yẹ kó bà mí?

Ó ń sọ gbogbo crit tó bá bà ọ́ di ìkọlù lásán, èyí sì tó ohun tí èèyàn ń dúpẹ́ sí. Ṣùgbọ́n kò sọ pé 20 kì í ṣe 20 mọ́. Bí a bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ inú ìwé gẹ́lẹ́, Vorpal Sword lọ́wọ́ ọ̀tá ṣì lè bẹ́ orí rẹ. Bá adarí eré sọ ọ́ kí irú idà bẹ́ẹ̀ tó yọjú.

Kí ni kí n béèrè kí n tó jókòó sí tábìlì tuntun?

Béèrè ọdún ìwé òfin tí wọ́n ń lò. Lẹ́yìn náà, béèrè bóyá wọ́n ní òfin tiwọn lórí crit, nítorí àwọn kan máa ń ka ìdajì dáìsì ní iye tó ga jù lọ, wọ́n á sì ju ìdajì yòókù. Flame Tongue òkè yẹn á ti 32 fò sókè sí 42. Bí ọ̀tá náà bá ń jàǹfààní òfin yẹn, akọni tó wà ní ipele kìíní lè kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nítorí náà, fi í sẹ́yìn ìlà ogun títí ẹ̀mí rẹ̀ á fi pọ̀ sí i.