Kí ló dé tí Wi-Fi fi ń pòórá bí a bá fi Linux sí ẹ̀gbẹ́ Windows?

Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró. Kò sí kọ̀ǹpútà tó kú lọ́jọ́ náà, àmọ́ àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ tó máa ń wọlé lóṣooṣù dẹ́kun fún ẹnikẹ́ni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ọdún kan. Windows 11 tí wọ́n ní ká bọ́ sí kì í sì í gba ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tókùnbọ̀ tó wà lọ́wọ́ wa, torí pé ó ń béèrè TPM 2.0, ẹ̀rọ ààbò kékeré kan nínú kọ̀ǹpútà, ó sì ń kọ ọ̀pọ̀ jù lọ prósẹ́sọ̀ Intel tó ṣáájú ìran kẹjọ. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń gba àwọn ará Ìkòròdú nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi Linux sí ẹ̀gbẹ́ Windows, kí kọ̀ǹpútà kan ní ètò adarí (operating system) méjì, kí wọ́n máa yan èyí tó bá wù wọ́n nígbà tí wọ́n bá tàn án. Àwọn kan ṣe é. Wi-Fi pòórá, ohùn dákẹ́, aago ń parọ́. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n gbé wá nìyí.

Ṣé Linux ti ba kọ̀ǹpútà mi jẹ́ ni?

Rárá. Ẹ pa á, ẹ tún un tàn, ẹ yan Windows, ẹ ó sì bá Wi-Fi yín níbi tí ẹ fi í sí.

Wọ́n ní dráífà ni kò sí. Dráífà wo ló wà nínú kọ̀ǹpútà?

Kì í ṣe ti dánfó. Dráífà inú kọ̀ǹpútà sún mọ́ ògbufọ̀ ju awakọ̀ lọ. Káàdì Wi-Fi ní èdè tirẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde ní tirẹ̀, kámẹ́rà náà ní tirẹ̀. Ètò adarí, ìbáà ṣe Windows tàbí Linux, kò gbọ́ èdè wọn ní tààrà. Dráífà ló ń dúró láàárín, tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ lọ, tó ń túmọ̀ rẹ̀ bọ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n rò pé ara láptọ́ọ̀pù ni dráífà wà, bíi bátìrì, àti pé bó bá ti wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó wà fún gbogbo ohun tí a bá gbé sórí ẹ̀rọ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ètò adarí ni dráífà ń gbé. Ọba kan ṣoṣo ni ògbufọ̀ yìí ń sìn: èyí tí wọ́n kọ fún ààfin Windows kò mọ ìlànà ààfin Linux, bí wọ́n bá sì gbé e débẹ̀, kò ní rí ibi jókòó sí.

Ọ̀nà tí àwọn ààfin méjèèjì fi ń wá ògbufọ̀ sì yàtọ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe káàdì ló sábà máa ń kọ dráífà fún Windows, nítorí ibẹ̀ ni oníbàárà pọ̀ sí. Ní ti Linux, èyí tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Finland lọ́dún 1991, inú kernel, tí í ṣe ọkàn ètò náà, ni wọ́n ń kó ọ̀pọ̀ jù lọ dráífà jọ sí. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan kọ tiwọn fún un tọkàntọkàn. Àwọn mìíràn kò ṣe é, àwọn olùyọ̀ọ̀da-ara-ẹni ló bá wọn kọ ọ́, nígbà mìíràn láìrí ìwé àlàyé kankan gbà lọ́wọ́ ẹni tó ni ẹ̀rọ. Nítorí náà, lórí Linux, ẹ̀rọ yín á ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ wá dráífà kiri, tàbí kí ó kọ̀ jálẹ̀, kí ẹ sì lo ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta lórí rẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Wi-Fi ló máa ń kọ́kọ́ yọnu?

Nítorí pé dráífà nìkan kò tó o. Ọ̀pọ̀ káàdì Wi-Fi tún nílò firmware, ìyẹn àwọn ìtọ́ni kéékèèké tí ètò adarí gbọ́dọ̀ rù sínú káàdì náà ní gbogbo ìgbà tí a bá tàn án. Intel máa ń fi tirẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn tó ń ṣe Linux pín in, ìdí nìyẹn tí káàdì Intel kì í fi í sábà dá wàhálà sílẹ̀. Broadcom ní àwọn káàdì kan tí dráífà wọn wà ní títì pa, tí kò sí nínú kernel, tí a sì gbọ́dọ̀ lọ gbà wá lọ́tọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn Realtek kan náà wà tí kernel àtijọ́ kò mọ̀, tó jẹ́ pé ẹ̀dà Linux tuntun nìkan ló ń dá wọn mọ̀.

Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú: a nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti gba ohun tí yóò fún wa ní íntánẹ́ẹ̀tì. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú yàrá tí a tì.

Fóònù Android ni fèrèsé tí a ó gbà wọlé. Ẹ fi okùn USB so fóònù mọ́ láptọ́ọ̀pù, ẹ lọ sí ibi tí a ti ń ṣètò fóònù, ẹ tan USB tethering. Linux yóò rí fóònù náà bí ẹni pé wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, láìbéèrè dráífà mìíràn. Olùkọ́ kan gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá bá mi ní Sábó láti Ìgbógbó. Wọ́n ti ní kí ó lọ ra káàdì Wi-Fi tuntun, ó sì ti ń ṣa owó jọ. Okùn fóònù rẹ̀ ti kán lọ́rùn, ó ní láti fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó má baà já, ó sì dúró bẹ́ẹ̀, láìmira, títí tí ohun tí à ń gbà fi wọlé tán. A tún kọ̀ǹpútà náà tàn. Orúkọ Wi-Fi ilé ìtajà mẹ́fà tó yí wa ká tò sílẹ̀ lójú rẹ̀, ó sì jẹ́ kí okùn náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ káàdì tó wà nínú tiyín, ẹ ṣí terminal, ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Linux, ẹ tẹ `lspci -nn`, kí ẹ sì wá ìlà tí wọ́n kọ Network controller sí. Ẹ ó rí àmì mẹ́rin ṣáájú kólọ́ọ̀nù: 8086 ni Intel, 14e4 ni Broadcom, 10ec ni Realtek. Lórí Ubuntu, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀dà Linux, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Additional Drivers. Òun ni yóò sọ fún yín bóyá dráífà títì-pa kan wà fún káàdì náà, ẹ ó sì tẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré.

Ẹnì kan ní kí n pa Fast Startup lórí Windows. Kí ló kan Linux nínú ìyẹn?

Ó kàn án gan-an. Láti ìgbà Windows 8, tó jáde lọ́dún 2012, bí ẹ bá tẹ Shut down, Windows kì í kú tán. Ó ń fi ojú kan sùn. Ó kó apá kan ohun tó wà ní iyè rẹ̀ sórí hard disk kí ó lè tètè jí, ó sì fi ìpín tirẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ń padà bọ̀. Linux dé, ó rí i pé onílé kò tíì jáde, ó ní òun kò ní kọ nǹkan kan síbẹ̀, kíkà nìkan ni òun lè kà. Àwọn káàdì Wi-Fi kan náà máa ń wà ní ipò oorun tí Windows fi wọ́n sí, Linux á jí wọn tì.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín nínú rẹ̀ ni pé Restart ló ń pa Windows tán pátápátá, Shut down kì í pa á tán. Ẹ lọ sí Control Panel, ibi Power Options, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń yan iṣẹ́ bọ́tìnnì agbára, kí ẹ sì yọ àmì kúrò níwájú Fast Startup. Ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan Linux ń parí síbẹ̀.

Aago Windows mi ń fi wákàtí kan dín. Ṣé dráífà náà ni?

Rárá. Linux máa ń fi aago inú ẹ̀rọ sí àkókò àgbáyé, UTC, Windows sì gbà pé àkókò ìlú ẹni ló wà níbẹ̀. Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú UTC, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ wákàtí kan géérégé. Ẹ tẹ `timedatectl set-local-rtc 1` nínú terminal Linux, kí ẹ tún aago Windows ṣe lẹ́ẹ̀kan.

Mo fẹ́ fi Linux sí i, ṣùgbọ́n kò rí hard disk mi rárá.

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi hard disk náà sábẹ́ Intel RST, ọ̀nà ìṣètò hard disk kan tí àwọn Linux kan kì í lè kà, nínú BIOS, ìyẹn ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tàbí Linux tó dé. Ipò AHCI, tí Linux mọ̀, ni wọ́n máa ń ní kí ẹ yí i sí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má kàn yí i. Dráífà ipò àtijọ́ nìkan ni Windows ń jí pẹ̀lú rẹ̀, bí ẹ bá sì yí i lójijì, ojú búlúù ni yóò fi kí yín. Ẹ kọ́kọ́ fi msconfig, ètò kékeré kan nínú Windows, sọ fún un pé kí ó jí ní Safe Mode, ipò tó ti ń jí pẹ̀lú ìwọ̀nba dráífà díẹ̀, ẹ wá yí BIOS, ẹ jẹ́ kí Windows jí ní Safe Mode náà lẹ́ẹ̀kan kí ó lè bá dráífà AHCI mọra, lẹ́yìn náà kí ẹ yọ Safe Mode kúrò.

Káàdì Nvidia, tó ń gbé àwòrán jáde, ló wà nínú tèmi. Ṣé kí n gbàgbé rẹ̀ ni?

Kò tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Lọ́dún 2012, Torvalds fi ìka bú Nvidia níwájú èrò ní yunifásítì kan ní Finland, torí pé wọn kò bá àwọn oní-Linux ṣe pọ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ náà ṣí apá tó ń wọ kernel nínú dráífà rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn káàdì rẹ̀ tuntun. Àwọn tó ní káàdì àtijọ́, tó sì pọ̀ nínú tókùnbọ̀, ni kò tíì bọ́.

Ojú ewé búlúù kan jáde tó ń béèrè ohun tó ń jẹ́ MOK. Ṣé kòkòrò ti wọ kọ̀ǹpútà mi?

Kì í ṣe kòkòrò. Secure Boot ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, dráífà tí kò bá sì ní òǹtẹ̀ tó mọ̀ kò ní gba iwájú rẹ̀ kọjá. Nígbà tí ẹ fi dráífà láti ìta sí Linux, ó ní kí ẹ mú password kan. Ojú ewé búlúù yẹn ló ń béèrè password náà padà, kí ó lè mọ̀ pé ẹ̀yin gan-an lẹ gba àlejò sílé. Ẹ yan Enroll MOK, ìyẹn láti gba òǹtẹ̀ tí onílé fọwọ́ sí wọlé, kí ẹ sì tẹ password náà. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló fi ń dúró: bí ẹ bá ń wò ó níran, yóò kọjá lọ, dráífà kò sì ní ṣiṣẹ́.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńkọ́, àti ibi tí à ń tẹ ìka sí?

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé HP ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Àwọn Canon kan máa ń fa wàhálà. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ibi ìtẹ̀ka. Ẹni tó bá ń fi ìwé títẹ̀ jẹun, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tò síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí ó fi Windows sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà.

Ṣé Windows lè lé Linux jáde?

Ó ti fẹ́ ṣe é rí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, àtúnṣe Windows kan yí àkójọ ohun tí Secure Boot ń gbà wọlé padà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì jí bá ọ̀rọ̀ náà Security Policy Violation dípò Linux wọn. Microsoft ti sọ tẹ́lẹ̀ pé àtúnṣe náà kò ní kan àwọn tó ní ètò adarí méjì. Fáìlì kankan kò bá a lọ. Àwọn tó pa Secure Boot fún ìgbà díẹ̀ wọlé padà, wọ́n sì ṣe àtúnṣe Linux wọn.

Kí wá ni ó yẹ kí n bẹ̀rù?

Iná. Bí ẹ bá ń pín hard disk lọ́wọ́, tí iná lọ, tí bátìrì tókùnbọ̀ yín kò sì lè lo ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ ó kábàámọ̀ ju ti Wi-Fi lọ. Ẹ fi Disk Management inú Windows fúnra rẹ̀ dín ìpín Windows kù, lọ́jọ́ tí jẹnẹrétọ̀ bá ní epo.

Lẹ́yìn iná, BitLocker, àgádágodo tí Windows fi ń ti hard disk. Bí ó bá wà lórí kọ̀ǹpútà yín, ó lè béèrè kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà onínọ́ńbà 48 nígbà tí ẹ bá fọwọ́ kan BIOS. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ṣáájú, kí ẹ sì kó àwọn fáìlì yín sórí ohun mìíràn. Inú kọ̀ǹpútà kan náà kì í ṣe ohun mìíràn.

Báwo ni n ó ṣe mọ̀ bóyá dráífà wà kí n tó fọwọ́ kan nǹkan?

Ẹ kó Linux sórí fláàṣì 8GB, ẹ fi fláàṣì náà tan kọ̀ǹpútà, kí ẹ yan pé ẹ kàn fẹ́ dán an wò. Kò ní kọ nǹkan kan sórí hard disk àfi tí ẹ bá ní kí ó kọ ọ́. Ẹ so Wi-Fi pọ̀, ẹ gbọ́ ohùn, ẹ ṣí kámẹ́rà, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà kù, ẹ dé láptọ́ọ̀pù kí ẹ wò ó bóyá yóò jí padà. Ohun tí kò bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò ní ṣàdédé ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìgbà tí ẹ bá fi í sí i. Bí ẹ bá ń lọ ra tókùnbọ̀, ẹ mú fláàṣì náà dání lọ sí ọjà. Òǹtajà tí kò bá gbà kí ẹ fi í sí i, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Bí n kò bá fẹ́ Linux mọ́ ńkọ́?

Ẹ lè yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wọ BIOS, kí ẹ fi Windows Boot Manager ṣe àkọ́kọ́ nínú ètò ìjí, kí ẹ tó pa ìpín Linux rẹ́. Ẹni tó bá pa á rẹ́ láìṣe bẹ́ẹ̀ lè bá ojú dúdú tó kọ grub rescue sára, yóò sì rò pé Windows náà ti lọ. Kò lọ síbì kankan.