Oríkèé àgbọ̀n: bóyá etí yín kọ́ ló ń dùn yín

Ẹ fi ìka kọ̀ọ̀kan síwájú etí yín méjèèjì, kí ẹ la ẹnu, kí ẹ sì pa á dé. Ohun tó ń yọ́ lọ yọ́ bọ̀ lábẹ́ ìka yẹn ni oríkèé àgbọ̀n, níbi tí egungun àgbọ̀n ti so mọ́ egungun orí. Méjì ni, ìbejì tí kò lè dá rìn: bí tọ̀tún bá mira, tòsì gbọ́dọ̀ mira. Àwọn dókítà eyín ń pè é ní TMJ. Bí òun tàbí àwọn iṣan tó yí i ká bá ń dunni, TMD ni wọ́n ń kọ sínú fáìlì.

Oríkèé yìí kò jọ ti ìgúnpá. Ìgúnpá ń ṣí, ó ń pa dé bí ilẹ̀kùn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbọ̀n ń ṣí bí ilẹ̀kùn, ó sì tún ń yọ́ síwájú bí ìgbà tí èèyàn fa dúrọ́ọ̀. Kérékeré pẹlẹbẹ kan wà láàárín egungun méjèèjì bíi tìmùtìmù. Tó bá yẹ̀ kúrò nípò díẹ̀ tó tún padà síbẹ̀, òun ló ń ta "kọ́" nígbà tí ẹlòmíì bá yán. Bí kò bá ti dùn yín, tí ẹnu sì ń là dáadáa, ẹ fi í sílẹ̀ kó máa ta.

Nítorí pé òun àti etí jọ múlé ti ara wọn, etí ni a máa ń fẹ̀sùn kàn. Lọ́dún 1934, James Costen, dókítà etí, imú àti ọ̀fun kan ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn tí etí gbé wá sọ́dọ̀ rẹ̀, tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àgbọ̀n ló wá ẹjọ́ wọn lọ. Àlàyé tó ṣe nípa ohun tó fà á kò dúró mọ́ lóde òní, ṣùgbọ́n àdúgbò tó nawọ́ sí kì í ṣe àdúgbò àṣìṣe. Èmi náà da oògùn sétí ọ̀tún títí ó fi sú mi. Ìyàwó mi ló tú àṣírí náà: "Bàbá Ìbejì, ẹ tún rún eyín mọ́jú bí ẹni rún egungun ẹran." Èmi tí mo rò pé ọ̀run àpáàdì nìkan ni ìpayínkeke wà!

Iṣan ló ń jìyà jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ń fún eyín mọ́ eyín nínú gosiló, télọ̀ tó ń fi eyín di abẹ́rẹ́ mú, ẹni tí gbèsè ń lé kiri lójú oorun: iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn kì í ráyè sinmi. Nítorí náà, kí ọwọ́ tó kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ kọ́kọ́ fún un nísinmi. Ẹ sọ "n", kí ẹ wo ibi tí ahọ́n kàn lẹ́yìn eyín òkè. Ibẹ̀ ni kó máa gbé. Ètè á pa dé, àmọ́ eyín ò ní kan eyín. Àfi ìgbà tí a bá ń jẹun ló yẹ kí wọ́n pàdé.

Ká wá fọwọ́ wọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà. Ẹ ki aṣọ ìnura bọ omi gbígbóná tí kò ní bó ara, ẹ fún un, kí ẹ gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. (Bó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gbá nǹkan ni, yìnyín tí a fi aṣọ wé ló yẹ ẹ́, ìṣẹ́jú 10 ti tó.) Ẹ fi òrí tàbí òróró àgbọn díẹ̀ pa ọwọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, òróró àgbọn fún àgbọ̀n; ẹ ṣọ́ àmì ohùn. Òróró kò wọ inú oríkèé lọ ṣe ohunkóhun o, kí ọwọ́ lè yọ̀ ni. Robb ń tuni lára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ ojú.

Ẹ fún eyín pọ̀ lẹ́ẹ̀kan: ohun tó wú lábẹ́ ìka lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni iṣan tí à ń wá. Ẹ tú eyín sílẹ̀. Ẹ fi ìka méjì tàbí mẹ́ta máa yí i róbótó, díẹ̀díẹ̀, láti abẹ́ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ wá sí etí àgbọ̀n nísàlẹ̀. Ẹ ó kan kókó kan tó ń dunni. Ẹ dúró lé e bí ẹni ń tẹ píà wò bóyá ó ti rọ̀, kí ẹ máa mí, títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ bí ẹni gún iyán yóò jí pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú. Ẹ ṣe ẹ̀bátí bákan náà. Ìṣẹ́jú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, ti tó. Ẹ má tẹ ọrùn níbi tí iṣan ti ń lù kìkì.

Oúnjẹ ò le: àmàlà àti ẹ̀kọ kò béèrè eyín. Pọ̀nmọ́, àgbàdo sísun àti ìrèké lè dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó ń fi eyín ṣí ìgò, èmi ò ní ọ̀rọ̀ fún un.

Ìwọ́ra yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbo lásán. Ní 2023, ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ tẹ ìlànà kan jáde lórí ìrora àgbọ̀n tó ti pẹ́ lára. Títẹ kókó iṣan, nína àgbọ̀n lábẹ́ ìtọ́sọ́nà àti ìtọ́jú ilé wà lára ohun tí wọ́n fọwọ́ sí gidigidi.

Àmọ́ ọsibítù ni ó yá bí ẹnu bá là tí kò lè pa dé mọ́, bí àyà bá ń dunni tí ìrora náà sì gba àgbọ̀n tàbí apá lọ, tàbí bí ẹnu bá ń kọ̀ láti là lẹ́yìn tí ìṣó gúnni, torí tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ẹ dé, ẹ to ìka mẹ́ta léra, kí ẹ fi í sáàárín eyín iwájú lóòró. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yẹ kó wọlé. Tèmi kò ju méjì lọ nígbà yẹn. Lọ́jọ́ tí ìkẹta wọlé, mo sáré pe Ìyá Ìbejì kó wá wò ó, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìka mẹ́ta lẹ́nu, kò gbọ́ ohun tí mo ń wí.