Símẹ́tírì kọjá ọgbọọgba

Tí wọ́n bá ti dárúkọ símẹ́tírì, labalábá ló máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn, apá ọ̀tún bá tòsì mu, ó parí. Òótọ́ ni o, àmọ́ díẹ̀ nìyẹn nínú ọ̀rọ̀ náà, torí ohun táwọn onímáàtì ń pè ní símẹ́tírì ni pé kẹ́ ẹ ṣe nǹkan kan fún ohun kan, kẹ́ ẹ yí i, kẹ́ ẹ dojú ẹ̀ dé, kí ẹni tó dijú wá lajú kó má mọ̀ pé ẹ fọwọ́ kàn án rárá.

Ẹ gé bébà ní igun mẹ́rin, kí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gùn bákan náà. Ẹ ní kí ẹnì kan dijú. Tẹ́ ẹ bá yí i díẹ̀ tó wọ́, tó bá lajú á mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá yí i títí igun kan fi bọ́ sípò ìkejì ẹ̀ gééré, á kàn máa wojú yín ni. Ẹ lè yí i bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ tún lè dojú ẹ̀ dé lọ́nà mẹ́rin, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 8, tẹ́ ẹ bá ka pé ẹ ò ṣe nǹkan kan mọ́ ọn (àwọn onímáàtì máa ń kà á, ẹ má bi mí). Ti róbótó ò lóǹkà ní tiẹ̀.

Sínóò ní apá mẹ́fà torí pé igun mẹ́fà mẹ́fà ni omi máa ń so ara ẹ̀ pọ̀ sí tó bá ń dì, Kepler ti kọ̀wé lórí apá mẹ́fà yẹn láti 1611. Àwa èèyàn ńkọ́? Lóde ara, ó jọ pé a dọ́gba, nínú lọ́hùn-ún ọkàn fì sósì, ẹ̀dọ̀ wà lọ́tùn-ún.

Àwọn àgbà ìgbàanì náà ò fọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ẹ wo ọ̀pẹ̀lẹ̀ Ifá, awẹ́ mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó lè dé, ìyẹn fún wa ní 256. Ẹ wá fi ọ̀tún ṣe òsì, kẹ́ ẹ fi òsì ṣe ọ̀tún: Ogbè Yẹ̀kú á di Ọ̀yẹ̀kú Logbè, odù míì ni, àmọ́ Èjì Ogbè á ṣì jẹ́ Èjì Ogbè. 16 péré ni ò ní yí padà, àwọn náà sì ni ojú odù, 240 tó kù ni ọmọ odù. Ti àwọn ará Ṣáínà, yin àti yang, àmì róbótó tí ìdajì ẹ̀ dúdú, tí ìdajì funfun, tún dùn mọ́ mi jù: ẹ dorí ẹ̀ kodò, kò bá a mu mọ́, dúdú ti gba ipò funfun, àfi tẹ́ ẹ bá tún pààrọ̀ àwọ̀ méjèèjì ló máa padà sí bó ṣe wà. Nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. (Àwọn tó ń sọ pé àwọn àgbà ti mọ fíṣíìsì kúáńtọ́ọ̀mù tipẹ́, èmi ò bá wọn sọ ọ́ o.)

Nínú fíṣíìsì, obìnrin ará Jámánì kan, Emmy Noether, ló tú iṣu désàlẹ̀ ìkòkò ní 1918: tí òfin ayé bá ṣiṣẹ́ lọ́la bó ṣe ṣiṣẹ́ lónìí gẹ́lẹ́, a jẹ́ pé ẹ́nájì ò ní dín, kò sì ní lé, torí símẹ́tírì ti àkókò nìyẹn. Lásìkò yẹn, orúkọ Hilbert, ọ̀gá onímáàtì kan, ni wọ́n ń fi sára kíláàsì tí Noether ń kọ́, torí ó jẹ́ obìnrin, wọn ò sì sanwó fún un.

Gbogbo onífíṣíìsì wá gbà pé dígí náà ò lè tan ayé, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú dígí lè ṣẹlẹ̀ lóde. Ìparí 1956, Chien-Shiung Wu, obìnrin onífíṣíìsì kan, mú kóbáàtì-60, irin kan tó máa ń tú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, èérún tín-tìn-tín, jáde fúnra ẹ̀, ó mú un tutù débi pé òtútù ò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó fi mágínẹ́ẹ̀tì to àwọn átọ́ọ̀mù ẹ̀, tó ń yí bí òkòtó, kí gbogbo wọn kọjú síbì kan, ó wá ń ka ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń jáde. Nínú dígí, bí wọ́n ṣe ń yí á dà lódì àmọ́ òkè á ṣì wà lókè, nítorí náà iye tó gba òkè gbọ́dọ̀ bá iye tó gba ìsàlẹ̀ mu. Kò bá a mu, kò tiẹ̀ sún mọ́ ọn. Lee àti Yang, àwọn onífíṣíìsì tó ní kí wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò, gba Nobel ní 1957, wọn ò fún Wu.

Ni wọ́n bá dá ọgbọ́n yin àti yang: lo dígí, kó o tún pààrọ̀ chájì iná tó wà lára àwọn èérún, kí pọ́sítíìfù di nẹ́gátíìfù, bóyá á dọ́gba. Ó sì dọ́gba lóòótọ́, títí di 1964 tí Cronin àti Fitch rí i lára káọ́ọ̀nù, irú èérún kan tí kì í pẹ́ tó fi ń túká, pé ìyẹn náà yẹ̀, bíńtín. Wọ́n wá fi ìkẹta kún un, kí àkókò máa lọ sẹ́yìn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀, wọ́n ṣì ń dán an wò títí di báyìí, kò tíì yẹ̀.