"Má Dúró De Òùngbẹ": Ìmọ̀ràn Tó Ń Ṣe Eléré Ultra Léṣe

Eré tó bá ti kọjá kìlómítà 42.195 ti màrátọ́ọ̀nù ni à ń pè ní ultra. Ariwo kan kì í sì í wọ́n lẹ́bàá ọ̀nà rẹ̀: "Mu omi sí i! Má dúró de òùngbẹ!" Inú rere ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Omi àmujù ti pa eléré ìje rí.

Bí èrò ṣe ń ya wọ inú eré yìí ni ewu náà ń gbilẹ̀. Ẹ wo Comrades ní Gúúsù Áfíríkà, láàárín Durban àti Pietermaritzburg, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1921. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 90, wákàtí 12 sì ni wọ́n fún ẹni tó kẹ́yìn. Ẹni tó ń sáré díẹ̀ tó ń rìn díẹ̀ kì í làágùn tó ẹni iwájú láàárín wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ iye tábìlì omi kan náà ni àwọn méjèèjì ń kọjá, ẹni ẹ̀yìn ló sì ráyè dúró mu. Ká ní tábìlì 40 ló wà, tó sì mu mílílítà 250 nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, lítà 10 nìyẹn. Òógùn rẹ̀ lè má tó lítà 6.

Ṣé kò ní tọ̀ ọ́ dànù ni? Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ara tó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, pàápàá tí èébì bá ń gbé e, máa ń tú họ́mọ̀nù kan jáde tó ń mú kí kíndìnrín dá omi dúró. Iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ á wá fúyẹ́, bí ọbẹ̀ tí wọ́n bu omi lé. Tí sódíọ̀mù, èròjà pàtàkì inú iyọ̀, bá ti wálẹ̀ ju 135 mmol (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka èròjà inú ẹ̀jẹ̀) nínú lítà kan, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú sẹ́ẹ̀lì; tó bá já gan-an, ọpọlọ á wú, agbárí kò sì ní àyè fún un. Orí fífọ́, èébì, ọ̀rọ̀ rádaràda àti gìrì ló ń tẹ̀ lé e. Nínú eléré 488 tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ní màrátọ́ọ̀nù Boston ti 2002, ìdá 13 nínú 100 ni sódíọ̀mù wọn ti já bẹ́ẹ̀.

Oògùn oníyọ̀ kò lè gba ẹni tó ń mumi kọjá òógùn rẹ̀ là. Ohun mímu àwọn eléré náà kò lè ṣe é: sódíọ̀mù inú rẹ̀ sábà máa ń wà ní nǹkan bí 20 mmol, ti ẹ̀jẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 140.

Òùngbẹ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ìwọ̀n òógùn yín, ẹ wọn ara yín láìwọṣọ, ẹ sáré wákàtí kan láìmu nǹkan, láìtọ̀, kí ẹ tún wọ̀n. Kílò kan tó dín jẹ́ nǹkan bí lítà òógùn kan, ẹ má sì ṣe mu kọjá iye yẹn ní wákàtí kan. Eléré kílò 60 tó parí eré ní 58.5 kò ṣàìsàn. Èyí tó parí ní 61 ló yẹ kó bà wá lẹ́rù. Ẹ yẹra fún ibuprofen, oògùn ara ríro, lójú eré, torí òun náà ń jẹ́ kí kíndìnrín dá omi dúró.

Tí eléré bá ń sọ ìsọkúsọ, ẹ má sáré fún un lómi tàbí fa omi sí i lára kí ẹ tó wọn ooru ara rẹ̀ àti sódíọ̀mù rẹ̀. Tí sódíọ̀mù bá ti já, omi oníyọ̀ tó nípọn, ìdá 3 nínú 100, mílílítà 100 láti inú iṣan, ni dókítà máa ń fún un, wọ́n sì lè tún un ṣe títí di ẹ̀ẹ̀mẹta.